Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gbé ju ìdá 7 nínú 100 ohun tí à ń sọ lọ?

N-ATLaS, ẹ̀rọ ìmọ̀ àtọwọ́dá (AI) tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ni wọ́n ní ó ń gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Igbo àti Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á yára fa nọ́ńbà kan yọ: ìdá 93 nínú 100 ohun tí ènìyàn ń sọ, ojú àti ohùn ló ń gbé e. Àṣìlò ni nọ́ńbà yìí. Albert Mehrabian ti Yunifásítì California ní Los Angeles ni orísun rẹ̀, ní 1967. Nínú ìdánwò kan, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ohùn dídùn tàbí ohùn kíkan sọ; nínú èkejì, “bóyá” nìkan ni olùgbọ́ gbọ́, pẹ̀lú fọ́tò ojú tó túká tàbí tó le koko. Ìbéèrè ibẹ̀ kò ju pé ṣé olùsọ̀rọ̀ fẹ́ràn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mehrabian fúnra rẹ̀ ní kí a má gbé e kọjá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìkórìíra.

Bí a bá gbé ìṣirò náà dé Ihunbo, nítòsí ibodè Ìdìrókò, kò ní dúró, torí pé ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ́tọ̀. Igba ni iye owó, igbá la fi ń bu gàrí, ìgbà ni àkókò. Inú ọ̀rọ̀ gan-an ni ohùn ń gbé. A ò lè pín wọn níyà ká fún ọ̀rọ̀ ní 7, ká fún ohùn ní 38 tí ìṣirò náà pín fún un. Ìlù dùndún tó ń sọ̀rọ̀ láìní ètè jẹ́rìí sí i. Ẹnìkan lè ní ohùn ìfẹ́ tàbí ìkórìíra ni Mehrabian ń wí, kì í ṣe ohùn inú ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀fun kan náà ló ń gbé méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tó ń fa nọ́ńbà náà yọ á tún ní ìyá a máa fi ojú lásán lé ọmọ kúrò nídìí àwo àlejò. Ojú yẹn ń jẹ́ nítorí pé ẹnu ti kìlọ̀ nílé kí àlejò tó dé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odindi nínú ẹni tí kò gbọ́ odindi rí. Ní ibodè yẹn, láàárín Ànàgó tó ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá àti Ògù tó ń sọ èdè mìíràn, tí wọn kò gbọ́ ti ara wọn, ìka lè na iye owó, kò lè sọ pé, “Bí kọ́sítọ́ọ̀mù ò bá dá wa dúró, màá kó o wá lọ́túnla.”

Lójú tèmi, ó jọ pé àìrí ojú kọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ bíi N-ATLaS ṣubú. Ohùn ni, pàápàá ti Ànàgó ẹnu ibodè tí kò fi gbogbo ara jọ Yorùbá inú ìwé. Kí àwọn tó ṣe é dán an wò níbẹ̀ ná, kí wọ́n tó ní ó gbọ́ Yorùbá.