Ta Ló Lè Ní Kí Wọ́n Kó Àwọ̀n Kúrò? Àdéhùn Àwọn Onílẹ̀ àti Àwọn Ọlọ́sìn Sámọ́nù ní Kánádà

Ìlú Klemtu wà ní erékùṣù kan létí òkun Pàsífíìkì, ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Títì kankan kò dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, tàbí bàlúù kékeré tó ń balẹ̀ sórí omi. Àwọn Kitasoo/Xai'xais, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló ni ìlú náà. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ẹja sínú agolo ló ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ nígbà kan, àmọ́ nígbà tó kógbá sílé, iṣẹ́ bá a lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 wọ́n gbìyànjú láti máa sin ẹja sámọ́nù fúnra wọn, ṣùgbọ́n owó kò tó, ọjà kò sì rọrùn. Ní 1998 wọ́n bá ilé-iṣẹ́ àjèjì kan tọwọ́ bọ̀wé. Ilé-iṣẹ́ náà ti pààrọ̀ orúkọ láti ìgbà náà. Mowi ló ń jẹ́ báyìí, ará Norway ni, orílẹ̀-èdè kan náà tí ẹja gbígbẹ rẹ̀ kún ọjà wa. Ilé-iṣẹ́ ló ń kó ọmọ ẹja, oúnjẹ ẹja àti owó wá. Ìlú ló yọ̀ǹda omi, Klemtu náà ni wọ́n sì ti ń pa ẹja tó bá tó pa, tí wọ́n ń dì í fún ọjà.

Irú àdéhùn báyìí ti di nǹkan ńlá ní etíkun náà, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onílẹ̀ fúnra wọn. Iye ènìyàn tó ríṣẹ́ ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń kà síta, iye ẹja tó kú sì ni àwọn tó kórìíra rẹ̀ ń kà. Lójú tèmi, ìṣirò méjèèjì ń fo ọ̀rọ̀ gan-an dá. Ohun tó ń sọ àdéhùn di àjọṣe ni pé kí onílẹ̀ lè ní kí wọ́n kó àwọ̀n kúrò, kí wọ́n sì kó o. Níbi tí kò bá ti sí èyí, owó ìyálélẹ̀ lásán ni ilé-iṣẹ́ ń san, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó.

Ẹni tó mọ ọ̀sìn ẹja àrọ̀ ní ilẹ̀ wa lè má tètè rí ibi tí ìjà ti wá. Adágún tí ènìyàn gbẹ́ sẹ́yìn ilé ní ààlà. Bí àrùn bá wọ inú rẹ̀, ọlọ́sìn ló máa jẹ gbèsè rẹ̀. Àwọ̀n ńlá tí wọ́n so rọ̀ sínú òkun ni wọ́n ti ń sin sámọ́nù yìí, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Ìgbẹ́ ẹja ń bá omi jáde, àrùn ń bá a jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò kan tó jọ iná orí, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja tó sì ń jẹ awọ rẹ̀. Sámọ́nù tó ti dàgbà lè ru díẹ̀ nínú rẹ̀ láìkú. Ọmọ sámọ́nù àdáyébá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò bọ́ sínú òkun, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, kò lè rù ú. Nítorí náà, láti oṣù Ẹrẹ́nà sí Okúdù, nígbà tí àwọn ọmọ ẹja wọ̀nyí ń kọjá, òfin ní bí kòkòrò bá ti tó mẹ́ta lára ẹja ọ̀sìn kọ̀ọ̀kan, ọlọ́sìn gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Bí wọ́n ṣe ń kà á kò le rárá: wọ́n á gbọ́n ẹja díẹ̀ jáde, wọ́n á fi oògùn kùn ún lójú oorun, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á sì máa ka kòkòrò náà níkọ̀ọ̀kan. Ibi tó le ni ọwọ́ ẹni tí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wà. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nìkan ló ń kà á, tó ń kọ ọ́, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba, ohun tí wọ́n bá sọ fún onílẹ̀ ni yóò gbà gbọ́.

Kì í ṣe inú rere ló kó àwọn ilé-iṣẹ́ wá sídìí àdéhùn. Ní 1888, ìlànà ìjọba Kánádà yọ̀ǹda kí àwọn onílẹ̀ máa pa ẹja tí wọ́n á jẹ, ó sì ní wọn kò gbọ́dọ̀ tà á, àwọn tó jẹ́ pé òwò ẹja ni wọ́n ń ṣe kí òyìnbó tó dé. Ọ̀rúndún kan ó lé díẹ̀ kọjá kí nǹkan tó yí padà. Ní 1984 wọ́n mú Ronald Sparrow, apẹja ará Musqueam, pé àwọ̀n rẹ̀ gùn ju èyí tí ìwé àṣẹ gbà lọ. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1990, àwọn adájọ́ tẹ̀lé òfin ilẹ̀ 1982, wọ́n ní bí a bá ti dáàbò bo ẹja tán, ẹ̀tọ́ onílẹ̀ láti pa ẹja tí yóò jẹ ló ṣáájú ti ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tó bá so àwọ̀n sínú omi onílẹ̀ láìbá a sọ̀rọ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ lè tẹ̀lé e. Ní 2019, British Columbia tún sọ ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2007 lórí ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ di òfin ìpínlẹ̀.

Ní Ahousaht, ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Vancouver, àwọn onílẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ Cermaq tọwọ́ bọ̀wé ní 2010. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2015, ilé-iṣẹ́ náà so àwọ̀n tuntun mọ́ ibi kan tí wọ́n ń pè ní Yaakswiis, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ìlú kan wakọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, wọ́n sì jókòó lé e lórí. Àwọn olóyè dá sí ọ̀rọ̀ náà, ilé-iṣẹ́ sì kó àwọ̀n rẹ̀ kúrò. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ìtàn yìí hàn bí ẹ̀rí pé àdéhùn náà kò dára. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tú àwọ̀n yẹn ni a tó mọ̀ pé ohùn onílẹ̀ wà nínú ìwé náà lóòótọ́.

Ní àwọn erékùṣù Broughton wọ́n lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn onílẹ̀ ti jókòó lé oko ẹja lórí ní 2017, ẹ̀yà mẹ́ta, 'Namgis, Kwikwasut'inuxw Haxwa'mis àti Mamalilikulla, bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe àdéhùn ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2018. Oko 17 ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí 10 kúrò díẹ̀díẹ̀ títí di 2023. Méje tó kù kò ní lè dúró lẹ́yìn náà àfi bí àwọn onílẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ní ti ìwé kòkòrò, àwọn onílẹ̀ gba ẹ̀tọ́ láti rán àwọn tiwọn lọ yẹ ẹja wò nínú oko. Àdéhùn yìí ni mo kà sí àwòkọ́ṣe, ìjọba sì ni wọ́n bá ṣe é, kì í ṣe oníṣòwò.

Síbẹ̀, ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé ìfọwọ́sí onílùú kan ti tó. Sámọ́nù kì í jókòó sí omi ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja tó ti odò Fraser jáde ń gba àárín àwọn erékùṣù Discovery kọjá lọ sí agbami, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀yà tó wà lókè odò náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí òkun, òun ni wọ́n ń jẹ. Ní 2009, nínú irú sámọ́nù tí wọ́n ń pè ní sockeye, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ péré ló padà sódò náà nígbà tí wọ́n ń retí ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Bruce Cohen darí sọ ní 2012 pé bí ewu oko ẹja tó wà ní Discovery bá ju díńtín lọ, kí wọ́n kó wọn kúrò kí 2020 tó parí. Bob Chamberlin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jà fún sámọ́nù àdáyébá ní ẹ̀yà tó ju 120 lọ ló wà lẹ́yìn àwọn. Àwọn tó wà lókè odò kò bá ọlọ́sìn kankan tọwọ́ bọ̀wé, owó oko ẹja kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìjọba àpapọ̀ pinnu ní 2020 láti pa oko Discovery rẹ́, ilé ẹjọ́ fagi lé e ní 2022, mínísítà míì, Joyce Murray, tún kọ̀ láti sọ ìwé àṣẹ oko 15 dọ̀tun ní 2023. Wei Wai Kum àti We Wai Kai, ẹ̀yà méjì tí omi náà jẹ́ tiwọn, gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù ní 2024. Ẹjọ́ tiwọn kò ṣeé fojú di. Dallas Smith, tó ń gbẹnu sọ fún àwọn ẹ̀yà tó ń bá ọlọ́sìn ṣe, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé onílẹ̀ ló yẹ kó pinnu ohun tí yóò wà nínú omi rẹ̀. Wọ́n tún ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ìwádìí mẹ́sàn-án tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹja gbé jáde ní ewu àrùn láti oko Discovery sí sámọ́nù Fraser kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó jọ iná orí kò sí nínú mẹ́sàn-án náà, òun gan-an sì ni àwọn apẹja ń pariwo. Bí mo bá gbà pé onílẹ̀ lè kọ̀, mo ní láti gbà pé ó lè gbà pẹ̀lú. Ohun tí n kò lè gbà ni pé kí ẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà fọwọ́ sí i fún ẹni tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba ti kùnà: ó ń bá Wei Wai Kum sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ó ń bá àwọn ará odò sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ó wá dá ẹjọ́ fún àwọn méjèèjì.

Àwọn kan á ní kí wọ́n gbé ẹja náà wá sórí ilẹ̀. 'Namgis ti dán an wò: oko Kuterra tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ nítòsí Port McNeill bẹ̀rẹ̀ sí í ta sámọ́nù ní 2014. Ẹja náà dára, èrè kò tó, wọ́n sì fi oko náà háyà fún ilé-iṣẹ́ míì ní 2019. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ yóò fẹ́ ibi tí iná ìjọba àti ọ̀nà ọjà wà, èyí tí kì í ṣe Klemtu.

Ní oṣù Okúdù 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀sìn sámọ́nù nínú àwọ̀n inú òkun yóò dópin ní British Columbia ní ọjọ́ 30 oṣù Okúdù 2029. Ọjọ́ náà ń bọ̀ bákan náà fún ibi tí onílẹ̀ fẹ́ ọ̀sìn àti ibi tí kò fẹ́ ẹ, n kò sì gbọ́ pé wọ́n pe ará Klemtu àti ará òkè odò Fraser jókòó pọ̀ kí wọ́n tó mú un.