Ètò Ìrìn-Àjò Orí Kẹ̀kẹ́ fún Àwọn Ìsinmi Ọdún Tí Ń Bọ̀

ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ

Ìbéèrè: Ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ rin ìrìn-àjò ní àwọn àkókò ìsinmi ọdún tí ń bọ̀. Kọ àròkọ láti ṣe àlàyé bí ó ṣe yẹ kí a ṣe ètò náà.

Ìlapa Èrò
(i) Ìfáárà: ìwúlò ìrìn-àjò orí kẹ̀kẹ́.
(ii) Yíyan àkókò àti ibi tí a ó lọ.
(iii) Kẹ̀kẹ́ àti ẹrù.
(iv) Owó, oúnjẹ àti ibi ìsùn.
(v) Ààbò lójú ọ̀nà.
(vi) Ìgúnlẹ̀.

Àròkọ

Àwọn àgbà ní bí ènìyàn bá rìn jìnnà, yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀nà tí a lè gbà rìn jìnnà pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ mọ́tò kì í rí ju igi tí ń sá sẹ́yìn lọ, ẹni tí ó sì ń fẹsẹ̀ rìn kì í lọ jìnnà kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Àárín méjèèjì ni kẹ̀kẹ́ ológeere wà. Ó yá ju ẹsẹ̀ lọ, kò sì yá débi pé ẹni tí ó gùn ún kò ní rí oko, odò, ọjà àti àwọn ènìyàn tí ó ń kọjá lára wọn. Kì í mu epo, kì í sì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òyìnbó nìkan ní ń gun kẹ̀kẹ́ rin ìrìn-àjò, rán an létí Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Ebenezer Obey dárúkọ nínú orin rẹ̀. Ní ọdún 1952, nígbà tí Àjàlá ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ọ̀nà tí ó lé ní 2,000 máìlì, ó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ Yorùbá lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi alùpùpù Vespa la ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè já. Kò sí ẹni tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Èkó-Ẹndẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Los Angeles. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kékeré pàápàá kò ṣe é ṣe láìsí ètò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun àkọ́kọ́ tí o gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o mú kàlẹ́ńdà, kí o sàmì sí àwọn ìsinmi mẹ́ta tí ilé ẹ̀kọ́ máa ń fún wa: ti Kérésìmesì, ti Àjíǹde àti ìsinmi gígùn ti òpin ọdún ẹ̀kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú ọjọ́ tirẹ̀, ojú ọjọ́ yìí ni yóò sì sọ ibi tí ó dára láti lọ. Má ṣe fi ìrìn tí ó jìnnà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ lè máa rin nǹkan bí 12 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ó bá gùn ún fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, 48 kìlómítà ni. Nítorí òkè, oòrùn àti ìsinmi lábẹ́ igi, má ṣe ka ọjọ́ kan sí ju 40 lọ.

Ní ìsinmi Kérésìmesì, ilẹ̀ gbẹ, òjò kò sí, ṣùgbọ́n ọyẹ́ wà. Ìkùukùu òwúrọ̀ kì í jẹ́ kí awakọ̀ ríran dáadáa, nítorí náà má ṣe gbéra kí oòrùn tó yọ. Má ṣe lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí ìgbà náà ni àwọn awakọ̀ máa ń sáré láti kó èrò wálé. Dúró kí ọdún tuntun wọlé, kí àwọn àlejò padà, kí o tó lọ. Ìrìn ọjọ́ kan ló yẹ fún àkókò yìí: láti Èkó-Ẹndẹ sí Ìkìrun, kí ẹ gba ibẹ̀ lọ sí Ìnísà àti Òkukù, kí ẹ sì padà. Omi tí ẹ ó bá pàdé ni odò Ọ̀tìn, odò kan náà tí a sé sí Èkó-Ẹndẹ láti fún àwọn ìlú agbègbè yìí ní omi mímu. Ní Ìkìrun, ẹ ní kí àwọn àgbà pa ìtàn ogun Jálumi fún yín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá ló já lu odò Ọ̀tìn, omi sì gbé wọn lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Ní Òkukù ni Karin Barber, obìnrin onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní àwọn ọdún 1970 tí ó ń kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1991. Ìwọ tí o ń kọ́ nípa oríkì nínú ìwé, kì í ha ṣe ohun rere kí o gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ni í?

Ní ìsinmi Àjíǹde, òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń rọ̀. Ẹni tí ó bá fi òwúrọ̀ rìn yóò ti wọ ilé kí ìjì tó dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ fún ìrìn yìí. Láti Ìkìrun, ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ gba agbègbè Ìrágbìjí lọ sí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ilẹ̀ olókè ni, níbi tí ó bá sì ga jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Láàárín ìlú méjèèjì yìí ni ogun Kírìjì ti jà. Ìgbájọ ni ibùdó Ìbàdàn, ibẹ̀ ni Ààrẹ Látòósà sì kú sí ní 1885. Ìhà Ìmẹ̀sí ni Ògèdèǹgbé àti àwọn Èkìtì Parapọ̀ dó sí. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877. 1886 ni a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, 1893 ni àwọn ọmọ ogun sì tó tú ká. Bí o bá ti ti kẹ̀kẹ́ gun àwọn òkè wọ̀nyẹn, yóò yé ọ ìdí tí ẹnìkan kò fi lè tètè ṣẹ́gun ẹnìkejì.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọdún tí o ó ṣe ìdánwò àṣekágbá nìyí, jẹ́ kí ìrìn ti Àjíǹde kọjá. Oṣù Karùn-ún àti Kẹfà kò jìnnà mọ́ nígbà náà, òkè Ìgbájọ kò sì ní ṣí kúrò níbi tí ó wà.

Ìsinmi gígùn bọ́ sí àkókò òjò, ṣùgbọ́n òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Òṣogbo ni kí ẹ lọ nígbà náà. Láti Ìkìrun dé ibẹ̀ kò tó 30 kìlómítà, títì ọ̀dà ni, kò sì ṣòro láti rí ibi tí a lè yà sí bí òjò bá dé. Oṣù yìí náà ni ọdún Ọ̀ṣun. Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, kún fún àwọn ère tí Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ṣe kí ó tó kú ní 2009. Ẹ lè dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú. 1907 ni ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo. Èrò máa ń pọ̀ púpọ̀ ní àkókò ọdún náà, nítorí náà ẹ wá ibi ìsùn ní oṣù kan ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, yẹ kẹ̀kẹ́ rẹ wò. Kẹ̀kẹ́ olówó ńlá kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ le. Ìjókòó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ kò ní tó ilẹ̀ bí o bá fẹ́ dúró. Wo bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn, fi epo sí ṣéènì, sì yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì wò bóyá wọ́n ń gbò. Gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn. Kí ẹgbẹ́ mú tíúbù méjì, pọ́ńpù, sípánà àti ohun tí a fi ń lẹ tíúbù dání, kí olúkúlùkù sì mọ bí a ti ń lẹ̀ ẹ́. Aṣọ méjì, aṣọ òjò, ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti oògùn ọgbẹ́ tó fún ẹnì kan. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni kí o di ẹrù mọ́. Má ṣe gbé e kọ́ èjìká, má sì ṣe fi í kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ní ti owó, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ó ná sílẹ̀, ẹ sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ṣáájú. Ẹ pín in sí iye oṣù tí ó kù, kí olúkúlùkù máa dá tirẹ̀ lóṣooṣù. Kí akápò máa kọ ọ́ sínú ìwé ní ojú gbogbo yín. Gààrí, ẹ̀pà, ṣúgà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì ń fún ara ní okun. Máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe mu omi odò láìsè. Ibi ìsùn tí ó dára jù ni ilé ìbátan. Bí kò bá sí, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín sí ilé ẹ̀kọ́, ìjọ tàbí mọ́sálásí tí ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ìlú tí ẹ ó sùn sí, ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ibẹ̀ kí wọ́n lè mọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ààbò. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Apá ọ̀tún náà ni kí ẹ gbà, kí ẹ tò tẹ̀lé ara yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbúròó ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Kò sí ẹni tí í bá ọkọ̀ akẹ́rù du ọ̀nà. Ẹ dé akoto, ẹ wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ bá yín lójú ọ̀nà. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: ẹ má ṣe dín ní mẹ́rin, kí àgbàlagbà kan sì wà pẹ̀lú yín. Ní ayé ìjínigbé tí a wà yìí, ẹ má ṣe gba ọ̀nà igbó. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá àti àwọn awakọ̀ bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó lọ. Bí wọ́n bá ní kò dára, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Kí àwọn òbí yín ní ìwé ètò náà lọ́wọ́, kí ẹ sì máa fi fóònù pè wọ́n ní ọ̀sán àti ní alẹ́.

Ní ìgúnlẹ̀, ìrìn-àjò orí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ orí ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá yan àkókò rẹ̀, tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀, tí ó tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe, tí ó fi owó pamọ́, tí ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo, yóò lọ ire, yóò bọ̀ ire. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ orúkọ odò ilẹ̀ òkèèrè tí kò mọ ibi tí Ọ̀tìn ń ṣàn gbà. Kẹ̀kẹ́ lè mú un dé ibẹ̀.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́: Wò ó bí òǹkọ̀wé ti sọ ìdí tí ó fi yan ibi kọ̀ọ̀kan fún ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Nínú àròkọ alálàyé, kò tó kí o pàṣẹ pé “ṣe báyìí”; sọ ìdí rẹ̀. Bí ìlú tìrẹ bá yàtọ̀, má ṣe há àròkọ yìí sórí. Fi odò, òkè àti ìtàn agbègbè tìrẹ kọ tìrẹ.