Ọrọ̀ Inú Omi Ìdànù: Gbígba Bórọ́ọ̀nì Padà Lára Omi Àlùmọ́nì

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí iyọ̀ ti rí sí ọbẹ̀ ni bórọ́ọ̀nì rí sí irúgbìn. Bí kò bá sí rárá, irúgbìn kò lè dàgbà dáadáa. Bí ó bá sì pọ̀ jù, etí ewé a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, èso a sì dínkù. Síbẹ̀, ohun èlò pàtàkì ni bórọ́ọ̀nì. Ó wà lára gíláàsì tí kì í sán bí a bá gbé e lé iná, ó wà lára abọ́ tánganran, ó sì wà nínú ajílẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń rí i? Orílẹ̀-èdè Tọ́kì ni ó ní òkúta bórọ́ọ̀nì jù lọ láyé. Ní Emet, wọ́n a lọ òkúta tí a ń pè ní kolemanáìtì kúnná, wọ́n a sì pò ó mọ́ omi gbígbóná àti ásíìdì imí-ọjọ́. Apá kan a di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí wọ́n ń sẹ́ kúrò. Ásíìdì bóríìkì a sì yòrò sínú omi.

Ọgbọ́n tí ó kù wà nínú ooru. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n 80 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, gíráàmù 100 rẹ̀ lè gba ju gíráàmù 20 ásíìdì bóríìkì mọ́ra. Bí ó bá tutù dé ìwọ̀n 20, kò lè gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ. Ohun tí omi kò lè gbà mọ́ a dì ní wóró wóró. Èyí ni wọ́n ń kó.

Gíráàmù 5 tí ó kù ńkọ́? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Àwọn ìyá tí ń ṣe epo kì í da omi ẹkù nù nígbà tí epo ṣì léfòó lójú rẹ̀. Bákan náà, omi yìí ni wọ́n tún fi ń po òkúta mìíràn. Ṣùgbọ́n kò ṣeé lò títí láé, nítorí pé ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èyí tí ó bá yẹ kí a tú sílẹ̀, a lè sẹ́ ẹ gba inú oje àtọwọ́dá oníwóró kan tí ó ń ṣa bórọ́ọ̀nì nínú omi. Bí oje náà bá yó, a ó fi ásíìdì fọ bórọ́ọ̀nì kúrò lára rẹ̀, a ó sì tún un lò.

Kì í ṣe nítorí owó nìkan. Ní Tọ́kì kan náà, omi ibi ìwakùsà Bigadiç ti kó bórọ́ọ̀nì wọ odò Simav, odò tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin oko. Bẹ́ẹ̀ ni igi ọsàn lè fara gbọgbẹ́ bí omi tí a ń bu rin ín bá ní ju mílígíráàmù 1 lọ nínú lítà 1.

Awakùsà tí ó da irú omi bẹ́ẹ̀ sí odò pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: ó sọ ọjà ara rẹ̀ nù, ó sì ba oko aládùúgbò jẹ́.