Ṣé oníbàárà àtijọ́ ló ń sanwó inṣọ́ransì mọ́tò ju oníbàárà tuntun lọ? Ohun tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ rèé

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jápa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń ra mọ́tò. Bó bá ti ń tó ọdún kan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, iléeṣẹ́ inṣọ́ransì mi ti kọ lẹ́tà pé ọdún mi fẹ́ pé. Owó tí wọ́n ń béèrè ju ti èṣí lọ. Mi ò kọlu ẹnikẹ́ni, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo tún rí i pé owó ibòmíràn kéré sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ?"

Ìdáhùn mi ni pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rẹ́ yín jẹ, torí òfin kan ti wà tó dí ọ̀nà yẹn. Àmọ́ òfin náà kò sọ pé owó inú lẹ́tà yín ló kéré jù nígboro. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó nìyẹn.

Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀

Lọ́jà tiwa, oníbàárà àtijọ́ ló ń jẹ ènì. Bí ẹ bá ti ń ra gàrí lọ́wọ́ ìyá kan fún ọdún mẹ́ta, ó ní bó ṣe máa bu díẹ̀ lé e fún yín tí kò ní ṣe fún àlejò. Lọ́dọ̀ àwọn adójútòfò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì rẹ̀ ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń já owó fún. Tó bá ti wọlé tán, wọ́n á máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́dọọdún. Kì í ṣe pé ewu mọ́tò rẹ̀ pọ̀ sí i o. Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹni tó ti jókòó sójú kan kì í sábà dìde lọ wo ibòmíràn, pàápàá tó bá jẹ́ pé wọ́n ń yọ owó náà lórí káàdì rẹ̀ fúnra wọn. Price walking ni wọ́n ń pè é.

Àǹtí mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ lo ọdún mẹ́jọ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Tí a bá ní kó yí i padà, á ní, "Àwọn yẹn ti mọ̀ mí." Lóòótọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé kò ní lọ.

Lóṣù Kẹsàn-án 2018, àjọ Citizens Advice gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà àtijọ́ tó ń sanwó jù lọ síwájú àjọ tó ń mójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò. Àjọ FCA, tó ń ṣàkóso ètò ìnáwó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà wo inṣọ́ransì mọ́tò àti ti ilé fínnífínní. Wọ́n rí i pé lọ́dún 2018, mílíọ̀nù 6 oníbàárà ló ń san owó tó ga jù. Ká ní iye tó wọ́pọ̀ fún irú wọn ni wọ́n san ni, bílíọ̀nù £1.2 ni ì bá kù sí wọn lápò.

Òfin tuntun

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2022, iléeṣẹ́ adójútòfò kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ ju iye tí wọn ì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ká ní òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó sì gba ọ̀nà kan náà wọlé.

Kí ló wá dé tí owó yín ṣì ń lọ sókè?

Àkọ́kọ́, òní ni òfin ń wò, kì í ṣe èṣí. Bí owó àtúnṣe mọ́tò bá gbówó lórí, ti gbogbo èèyàn ló máa lọ sókè, àti tuntun àti àtijọ́.

Ìkejì, iléeṣẹ́ yín ni òfin fi ń wé ara rẹ̀. Kò kan iléeṣẹ́ kejì.

Ìkẹta, ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ṣe pàtàkì. Owó orí ìkànnì tó ń fi iléeṣẹ́ wéra lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa pè fún yín lórí fóònù.

Ìkẹrin, bóyá ẹ ti kó ilé, ẹ ti yí iṣẹ́ padà, tàbí ẹ ti ń wa mọ́tò ju tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ń yí owó padà.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ ṣí lẹ́tà yẹn. Ó pọn dandan kí wọ́n kọ iye tí ẹ san lọ́dún tó kọjá síbẹ̀, kí ẹ lè fi wéra.

Ẹ béèrè owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yín bí ẹni tuntun, lọ́nà tí ẹ gbà wọlé, pẹ̀lú àlàyé kan náà. Bó bá kéré sí ti inú lẹ́tà, ẹ pè wọ́n. Bí wọn ò bá yanjú ẹ̀sùn yín láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service. Ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iléeṣẹ́ míràn ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ tí inṣọ́ransì yín máa parí. Ọdún tí ẹ ti lò láìgba owó lọ́wọ́ adójútòfò ń bá yín lọ, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání.

Ẹ má parọ́ o. Kí ẹ̀gbọ́n tó ti pẹ́ níbẹ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí awakọ̀ gan-an nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń wà á, ìyẹn lè mú kí wọ́n kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Èyí tó léwu jù: bí ẹ bá ní kí wọ́n má yọ owó mọ́, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan ṣófo láàárín ti àtijọ́ àti tuntun. Ẹni tí wọ́n bá mú láìní inṣọ́ransì lè san £300, kó sì gba póìntì 6 sórí láísẹ́ǹsì. Bí láísẹ́ǹsì yín níbẹ̀ kò bá tíì pé ọdún méjì, póìntì 6 ti tó láti gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ máa tún ìdánwò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ní ti third party, kò sí tuntun, kò sí àtijọ́. Àjọ NAICOM ló gbé e láti ₦5,000 sí ₦15,000 fún mọ́tò aládàáni, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní 2023. Ayédèrú ìwé ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ lè yẹ tiyín wò lórí askNIID.

Comprehensive ló yàtọ̀. Kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ kọ fún mọ́tò náà. Mọ́tò mílíọ̀nù 8 náírà, ó kéré tán ₦400,000. Nítorí náà, kí ẹ tó tún san, ẹ wo iye tí mọ́tò yín tó lónìí. Bó bá ga jù, ẹ̀ ń san àsanlé. Bó bá kéré jù, owó tí wọ́n máa fún yín kò ní ra irú rẹ̀ mọ́.

Yálà London ni ẹ wà tàbí Ìbàdàn, ẹ má sanwó kí ẹ tó ka lẹ́tà náà tán.