Ìbọn Ìléwọ́: Ti Àtijọ́ àti Ti Òde Òní

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Laurel, ní Bowie, ní Hyattsville àti káàkiri Maryland, ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ la fẹ́ sọ lónìí. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí máa ń lọ sí pápá ìyìnbọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn òbí yín gbọ́, àyà wọn já. Ẹ̀yin rò pé wọn kò lajú, àwọn náà rò pé ẹ ti fẹ́ bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ìbọn o. Ogun Kírìjì tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bá ara wọn jà, láti 1877 títí di 1893, ìró ìbọn ló fún un lórúkọ. Títí dòní, àwọn ọdẹ wa ṣì ń lo ṣakabùlà. Ṣùgbọ́n ìbọn gígùn ni gbogbo ìwọ̀nyẹn. Ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kà á mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní, àfi tí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Kódà, ó ka ti ayé àtijọ́ mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó dàgbà ní Òṣogbo tàbí ní Mushin, ọwọ́ ọlọ́pàá àti ọwọ́ adigunjalè ló ti sábà máa ń rí i. Tí màmá yín bá rí i lọ́wọ́ yín, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn nìyẹn. Ẹ má bínú sí i.

Ó dáa, báwo ni ìbọn ìléwọ́ ṣe dé ibi tó dé? Ti ìgbà láéláé dà bí ọmọ ṣakabùlà. Ẹ ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ẹ ó fi ọta lé e, ẹ ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ẹ ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó tán, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1836, Samuel Colt gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí revolver rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ilé ọta rẹ̀ ń yí, èèyàn sì lè yìn ín léraléra kó tó tún kì í. Ní 1857, Smith & Wesson gbé revolver kan jáde tó ń lo ọta onírin, tí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀. Colt ti 1873 ni ẹ máa ń rí nínú fíìmù àwọn kọ́bọ̀ì. Lẹ́yìn náà ni John Browning ṣe èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1911. Ọta méje ló ń wọ inú àpótí ọta rẹ̀, ìbọn náà fúnra rẹ̀ ló sì ń ti ọta tó kàn wọlé. Nígbà tó di 1982, àwọn ọmọ ogun Austria gba Glock 17: ike ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ọta 17 sì ń wọ inú àpótí ọta rẹ̀.

Adùn wà nínú kéèyàn yin ti àtijọ́ àti ti òde òní lọ́jọ́ kan náà. Ti ẹlẹ́tù á rú èéfín funfun bò yín lójú, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti ìṣáná. Ẹ ó sì fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó sùn, torí ìdọ̀tí ẹ̀tù yẹn máa ń dípẹtà. Ti 1873, àtàǹpàkò lẹ ó fi kẹ́ ẹ kí ẹ tó yìn ín, nígbà kọ̀ọ̀kan. Glock kò bèèrè ìyẹn. Ẹ ṣáà máa fà á. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹni tó bá kánjú kò ní bá àmì. Ẹ ó dúró dáadáa, ẹ ó rọra mí, ẹ ó tẹjú mọ́ irin kékeré tó wà lórí ẹnu ìbọn, ẹ ó rọra fà á. Tí ẹ bá já a gbà, ọta á fò sí ìsàlẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yìí gan-an ni adùn rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó le sí. Bí ìbọn ṣe ń kúrú, tó sì ń yára, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí èèyàn fi lè ronú ń dín kù. Ìlú Laurel yìí mọ̀ ọ́n. Ní May 15, 1972, George Wallace, gómìnà Alabama tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ó ní kí wọ́n ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, wá polongo ìbò ààrẹ ní Laurel Shopping Center. Ó sọ̀rọ̀ tán, ó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Arthur Bremer, ọmọ ọdún 21, yọ revolver kékeré ọlọ́ta márùn-ún, ó sì yìn ín. Èèyàn mẹ́ta mìíràn fara gba ọta. Wallace kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú ní 1998. Ohun tó mú kí ìbọn yẹn rọrùn láti gbé ló mú kó rọrùn láti fi pa mọ́.

Bẹ́ẹ̀, kò dìgbà tí èèyàn bá ní ibi nínú. Ẹni tó gbé ìbọn gígùn ní láti yí gbogbo ara kí ẹnu rẹ̀ tó kọ sí ẹlòmíì. Ti ìléwọ́, ọrùn ọwọ́ lásán ló máa yí. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹnu ìbọn ti tẹ̀ lé ojú yín. Òwe wa ní: Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Apátí wà lára irin tó ń mú kí ìbọn yìn. Ìtumọ̀ ni pé, bí kò tilẹ̀ lè yìn, má kọ ọ́ sí èèyàn. Òfin kìíní tí wọ́n máa kọ́ yín ní pápá ìyìnbọn nìyẹn: gbogbo ìbọn ni kẹ́ ẹ kà sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀. Èkejì, ìka yín kò gbọdọ̀ kan ibi tí wọ́n ń fà títí ẹ ó fi ṣe tán láti yìn ín. Ẹ bo etí, ẹ bo ojú.

Ti ìjọba náà ń bẹ. Ní Maryland, kí ẹ tó ra ìbọn ìléwọ́, ẹ ó ti pé ọmọ ọdún 21, ẹ ó tẹ ìka, ẹ ó gba ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́rin, ẹ ó sì dúró fún ọjọ́ méje. Tí ẹ bá ń gbé e lọ sí pápá láìní ìwé àṣẹ ìgbébọn, kí ọta má sí nínú rẹ̀, kó sì wà nínú àpò tó padé. Tí ọmọdé bá wà nílé, ẹ tì í pa.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan tó fi físà wá kí yín, ẹ má fún un ní ìbọn mú, kódà ní pápá, kódà kó lè ya fọ́tò. Àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ló jẹ́ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fún un àti fún ẹ̀yin tí ẹ fún un.

Tí bàbá yín bá wá bèèrè ohun tí ẹ ń kọ́ níbẹ̀, ẹ pa òwe yẹn fún un. Yóò mọ̀ pé ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ilé ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó dìgbà o.