Fífi Egungun Kún Àgbọ̀n: Ta Ni Yóò Sanwó?

Ẹ̀yin ará Ìjàgbó, bí eyín bá kúrò lẹ́nu, egungun tó gbé e dúró a máa súnkì, pàápàá láàárín ọdún kìíní. Ẹni tó bá fẹ́ kí dókítà gbin eyín mìíràn síbẹ̀ lè nílò kí wọ́n kọ́kọ́ fi egungun kún un. Wọ́n lè bù ú lára aláìsàn fúnra rẹ̀, tàbí kí wọ́n lo ti màlúù tí a ti tọ́jú. Ó máa ń gba oṣù mélòó kan kí ó tó jiná.

Adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin rẹ̀ tuntun jáde ní 2022, ń ran ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ nípa eyín yíyọ tí kò le, ṣùgbọ́n kò sanwó eyín gbígbìn. Àpò ara ẹni tàbí àjọ ni owó náà yóò ti jáde.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé Ìlọrin, ẹ ní kí dókítà kọ owó fọ́tò, egungun, iṣẹ́ abẹ, oògùn àti eyín sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bi í bóyá eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ lálẹ́ yóò tó yín. Kì í sábà gba egungun kíkún. Ẹ má yá owó èlé.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ẹ tètè fi eyín tó ń ro yín han dókítà.