Ẹ yẹ omi àti fèrèsé wò kẹ́ ẹ tó sọ abẹ́ ilé di yàrá l'Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Maryland, New Jersey tàbí Chicago á ti gbọ́ ọ lórí fóònù rí: "A fẹ́ tún bésímẹ́ǹtì wa ṣe." Apá ilé tó wà lábẹ́ pálọ̀, tó wọ inú ilẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe ọjọ́ ìbí àti ìpàdé ẹgbẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí fún Màmá tó bá wá bá wọn tọ́ ọmọ tuntun. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó wà nílé níbí náà, kì í ṣe àwọn tó wà lókè òkun nìkan.

Ìdí tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ lọ́hùn-ún kò ṣòro. Nígbà òtútù, omi inú ilẹ̀ máa ń di yìnyín, á wú, á sì máa ti ìpìlẹ̀ ilé sókè. Nítorí náà, ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn kọjá ibi tí yìnyín lè dé. Ní Chicago, ínǹṣì 42 ni, ó kéré tán. Nígbà tí wọ́n bá ti gbẹ́ ilẹ̀ débẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé á kúkú gbẹ́ ẹ sí i kí ilé lè jèrè àyè. Ní Houston, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí dáadáa, òtútù kì í tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ alámọ̀ tó ń wú tó tún ń súnkì. Ìdí nìyẹn tí bésímẹ́ǹtì fi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Àmọ́ o, nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, wọn ò kọ́ ọ fún èèyàn láti sùn. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, táńkì omi gbígbóná àti ẹrù àlòkù ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di yàrá, tó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ ọ̀dà àti tẹlifíṣọ̀n ńlá, ti gbé iṣẹ́ gba ẹ̀yìn.

Omi ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá rọ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri yí ká. Bẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ lára kọnkéré, omi ti ń gba ibẹ̀ kọjá nìyẹn; òun ló gbẹ tó fi nǹkan funfun náà sílẹ̀. Ẹ tún lè fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí abẹ́ rẹ̀ bá làágùn, ọ̀rinrin ń ti inú ilẹ̀ jáde. Ẹni tó bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan dúdú dúdú tó ń rùn ló máa hù sábẹ́ rẹ̀.

Àtúnṣe tí kò wọ́n jù wà níta. Kí gọ́tà òrùlé má dí, kí páìpù rẹ̀ máa da omi jìnnà sí ara ilé, kí ilẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí omi bá ṣì ń wọlé lẹ́yìn ìyẹn, ó kan kòtò kékeré nínú ilẹ̀ bésímẹ́ǹtì tí wọ́n máa ń gbé póǹpù sí. Kí póǹpù náà ní bátìrì tirẹ̀. Iná máa ń lọ l'Amẹ́ríkà náà, àgàgà nígbà ìjì, ìyẹn ìgbà tí wọ́n nílò póǹpù gan-an.

Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹrù tó bàjẹ́ nìkan. Lálẹ́ September 1, ọdún 2021, nígbà tí ìyókù ìjì Ida dé New York, òjò tó lé ní ínǹṣì 3 rọ̀ ní Central Park láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Nínú àwọn tó kú nílùú náà, èèyàn 11 ló jẹ́ pé inú yàrá abẹ́ ilé ni omi ti ká wọn mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà ni wọn ò gbàṣẹ láti fi abẹ́ wọn ṣe ibùgbé.

Òfin ilé kíkọ́ ní kí yàrá ìsùn tó wà lábẹ́ ilé ní ọ̀nà àbájáde kejì, yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn. Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn tó já sí ìta, ó sì lè jẹ́ fèrèsé. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ojú fèrèsé náà fẹ̀ tó ínǹṣì 20, kó ga tó ínǹṣì 24, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ga ju ínǹṣì 44 lọ sílẹ̀ yàrá, kí gbogbo àyè tó ṣí sílẹ̀ sì tó 5.7 níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Fèrèsé tó jẹ́ 20 sí 24 géérégé kò ju 3.3 lọ, kò tó rárá. Ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ tóbi sí i dáadáa. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ fi irin dí i nítorí olè bí a ti ń ṣe nílé, irin náà gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́.

Gígé ògiri ìpìlẹ̀ fún irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, torí náà inú ètò owó ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó wà. Ká má tàn ara wa, màmá ẹni ọdún 75 tí orúnkún ń dùn lè má lè gun fèrèsé tó ga ní ínǹṣì 44 jáde, bí òfin tiẹ̀ fọwọ́ sí i. Òkè ni kí irú wọn sùn, káwọn ọ̀dọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ń bẹ. Gbogbo wa la mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣe fún ẹni tó sùn. Ẹ̀rọ ìmúlégbóná tó ń lo gáàsì lè tú irú májèlé kan náà jáde bó bá bàjẹ́, nítorí náà, ohun tó ń han gooro nígbà tí gáàsì náà bá jáde kò gbọ́dọ̀ wọ́n níbẹ̀. Òmíràn ni radon, gáàsì tó ń ti inú ilẹ̀ wá, tí kò lóòórùn. EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, fojú bù ú pé nǹkan bí 21,000 èèyàn ni àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ń fà ń pa lọ́dọọdún l'Amẹ́ríkà. Ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò wọ́n. Bó bá tó 4 lórí ìwọ̀n wọn, wọ́n á ri páìpù àti fáànù tó máa fà á jáde. Ṣíṣe é rọrùn púpọ̀ kí ilẹ̀ tó di títẹ́.

Àwọn kan ń sá fún ìwé àṣẹ nítorí owó orí ilé tó lè lọ sókè. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé ni wàhálà rẹ̀ máa ń yọjú. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó ìkún omi, èyí tí ìjọba àpapọ̀ sì ń tà lọ́tọ̀ kì í san owó kápẹ́ẹ̀tì àti àga tó bá wà nínú bésímẹ́ǹtì.

Ní ti òṣìṣẹ́, "ọmọ wa ni" kò tó. Ní Maryland, ẹni tó ń tún ilé onílé ṣe gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó bo ògiri kí aláyẹ̀wò ìjọba tó wá wo wáyà àti páìpù inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti bò ó kó tó dé, ó láṣẹ láti ní kí wọ́n tú u, owó onílé ni wọ́n á sì fi tún un ṣe.